Ife Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ wo kéèkì ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe nínú ilé, ní Ìbàdàn ni o, ní Èkó ni o, kí ẹ sì ka oríṣi òṣùwọ̀n tó pàdé lára rẹ̀. Kóńgò tàbí dérícà ni ìyá ọlọ́jà fi wọn fúláwà, ife ni wọ́n fi bù ú nígbà tó délé. Bọ́tà wá nínú ike gíráàmù 250. Mílíìkì, agolo. Ẹyin, kíréètì. Páànù tí wọ́n máa yan án nínú rẹ̀, ínṣì ni gbogbo ayé fi ń pè é: ínṣì 8, ínṣì 10. Ní ti iná, ẹnì kan á ní kí o gbé e sí 180, ẹlòmíràn á ní 350, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kó tó rí báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí fi pọ́n-ùn àti áúǹsì sílẹ̀ fún wa, ìjọba tiwa mú kílò àti lítà wá ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará Amẹ́ríkà gba inú fóònù wọlé pẹ̀lú ife tiwọn, ìyá ọlọ́jà sì rọ̀ mọ́ agolo tòmátò rẹ̀. Gbogbo wọn wá bára wọn pàdé nínú abọ́ tí a fi ń po kéèkì.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ẹni tó bá mọ iye tí kíréètì ẹyin ń jẹ́ lọ́jà lónìí, tó sì mọ ibi tí owó bọ́tà dé, á mọ̀ pé kéèkì tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu fẹ́rẹ́ sọ. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹni tí kéèkì rẹ̀ bàjẹ́ sábà máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Á ní ọwọ́ òun kò mọ̀ ọ́n, á ní kéèkì ṣíṣe kò sí lára tòun, á kó páànù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ síwèé ló ṣe. Ohun tí wọn ò kọ síwèé ló dá a lóró. Wọ́n ní kó bu ife méjì, wọn ò sọ fún un pé ife ta ni.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ìyá wa kò wọn nǹkan kan rí, oúnjẹ wọn sì ń dùn. Mi ò gbà pé wọn kì í wọn nǹkan. Ẹ lọ dúró ti ìyá alákàrà láàárọ̀. Igbá kan náà ló ti ń fi bu ẹ̀wà láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Omi tó máa bù sí i, ó mọ ibi tó yẹ kó dé lára ike. Bó bá ń pò ó, apá rẹ̀ ló ń sọ fún un bó ṣe ki tó. Bó bá sì ń fi ṣíbí dá a sínú epo, iye kan náà ló ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n ni gbogbo ìyẹn. Òṣùwọ̀n tó péye ni pẹ̀lú, nítorí pé igbá kò yí padà, ọwọ́ kò yí padà, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò yí padà. Ìwọ̀n kì í ṣìnà nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ọjọ́ tí ọmọ ìyá alákàrà bá pè láti Peckham ní London pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?” tí ìyá sì dá a lóhùn pé, “Bu ẹ̀wà igbá kan, kí o bu omi sí i níwọ̀nba,” ọjọ́ yẹn ni ìwọ̀n gbéra ìrìn àjò, ojú ọ̀nà ló sì ti máa sọnù.

Àkàrà pàápàá ṣì rọrùn, torí ó ń gbọ́ àtúnṣe. Èèyàn á dín ẹyọ kan wò, bó bá ṣàn, á tún un pò. Ọbẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: a ó tọ́ ọ wò, a ó fi iyọ̀ sí i, a ó sọ iná rẹ̀ kalẹ̀. Kéèkì kò fún ẹnikẹ́ni láyè yẹn. Gbàrà tí ilẹ̀kùn ààrò bá ti pa dé, ohun tó wà nínú páànù ló máa bá ara rẹ̀ ṣe é. Béékìn páúdà á máa tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ á gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ẹyin àti fúláwà á sì gbìyànjú láti dì kí wọ́n lè gbé ilé náà dúró. Bí fúláwà bá kéré, kéèkì á kọ́kọ́ wú dáadáa, inú ẹni tó ń yọjú wò ó á dùn, lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ á jìn wọlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, kéèkì á gbẹ, á le, orí rẹ̀ á là. Bí ṣúgà bá lé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jó kí inú tó jinná. Kò sí ṣíbí tí èèyàn lè tì bọ inú rẹ̀ láti tún un ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá lo ààrò lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ ṣe kéèkì fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Inú ìwé ìdáná àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti da ohun tó máa lò kọ: fúláwà áúǹsì 8, bọ́tà áúǹsì 8, ṣúgà áúǹsì 8, ẹyin mẹ́rin. Bọ́tà kò yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti wádìí lórí fóònù pé áúǹsì 8 jẹ́ gíráàmù 227, ó rí 250 lára ike, ó gé díẹ̀ kúrò. Nígbà tó kan fúláwà, ó gbé jọ́ọ̀gì oníke kan tó mọ́ gaara. Jọ́ọ̀gì yẹn ní ìlà lára lọ́nà mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ kan mìlílítà, ẹ̀gbẹ́ kan ife, ẹ̀gbẹ́ kẹta “oz”, àmì áúǹsì. Ó da fúláwà sí i títí ó fi kan ìlà 8, ó rọra gbọ̀n ọ́n kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú òun àti ìlà náà lè ṣe déédéé. Ọmọ tó fara balẹ̀ ni. Mo ní, “Gbé e wá sórí síkéèlì ná.” Ó dà á sínú abọ́, síkéèlì ní gíráàmù 134. Ó wò mí, ó tún wo síkéèlì. “Àǹtí, ó jọ pé bátìrì yìí ti ń kú o.” Mo ní kó gbé bọ́tà tó gé lẹ́ẹ̀kan lé e. 227 géérégé.

Fúláwà tó yẹ kó jẹ́ 227 ló di 134. Ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sínú àpò, ọmọ yìí kò sì ṣi ìlà kankan kà. Ká ní ṣúgà ló dà dé ìlà yẹn, síkéèlì á kà tó nǹkan bíi 200. Ká ní omi ni, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kà 237. Ohun tó fà á ni pé áúǹsì méjì ló wà láyé. Ọ̀kan ń wọn bí nǹkan ṣe wúwo tó, gíráàmù 28.35 ni. Èkejì ń wọn àyè tí ohun olómi gbà, mìlílítà 29.57 ni ní Amẹ́ríkà, 28.41 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ omi là ń wọ̀n, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ìyẹn ni kò jẹ́ kí èèyàn fura. Fúláwà ló máa ń tú àṣírí wọn. Áúǹsì inú ìwé ọmọ yẹn, ti ìwúwo ni. Áúǹsì ara jọ́ọ̀gì, ti omi ni. Ẹni tó ṣe jọ́ọ̀gì náà ì bá ti ràn án lọ́wọ́ ká ní ó kọ ọ́ sí i pé omi nìkan ni ìlà yìí wà fún.

Pé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló fà á. Gálọ́ọ̀nù wáìnì tí òfin fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nígbà Ọbabìnrin Anne, lọ́dún 1707, ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé dání títí dòní, ó gba nǹkan bíi lítà 3.8. Nígbà tó di ọdún 1824, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pa ti àtijọ́ tì, wọ́n ṣe gálọ́ọ̀nù tuntun tó gba omi tó wọn pọ́n-ùn 10, ìyẹn nǹkan bíi lítà 4.5. Láti ìgbà náà ni páíǹtì Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ mìlílítà 568, tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473. Fún àwa tí ìwé ìdáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí pẹpẹ wa, tí fídíò Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ wa, mílíìkì ìlàjì páíǹtì lè jẹ́ 284, ó lè jẹ́ 237, inú ìwé tó ti jáde ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Ife wá burú ju páíǹtì lọ. Ife ìwọ̀n Amẹ́ríkà gba mìlílítà 237, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 240 ni òfin wọn kà á sí lára àpò oúnjẹ. Ní Ọsirélíà, 250 ni. Ní Japan, 200 ni. Tiwa ńkọ́? Tiwa ni èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́: kọ́ọ̀pù irin, agolo mílíìkì, tàbí àwọn ife ìnáwó tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo ilé Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí lára, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán bàbá olóògbé sí. Kò sí méjì nínú wọn tó gba omi kan náà, àfi tí wọ́n bá jọ ti ibi ìnáwó kan wá. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi ife ìsìnkú wọn fúláwà, tí wọ́n ń fi ife ìgbéyàwó wọn ṣúgà, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ṣúgà kó sára ife kìíní. Ká ní ife kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọn ohun gbogbo ni, ì bá sàn díẹ̀, torí ohun gbogbo á jọ pọ̀ ni tàbí kó jọ kéré. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í bá ife lọ. Bọ́tà tó wá nínú ike gíráàmù 250 kò mọ̀ pé ife ti tóbi sí i. Ibi tí nǹkan ti máa ń dà rú nìyẹn: ìdajì èlò ń gbọ́ ti ife, ìdajì kejì ń gbọ́ ti ilé iṣẹ́ tó dì í.

Obìnrin kan wà ní Boston, Fannie Farmer lorúkọ rẹ̀, tó rí irú ìyọnu yìí ní ìgbà tirẹ̀. Ìwé ìdáná àwọn ará ìgbà yẹn máa ń sọ pé kí èèyàn mú bọ́tà tó tóbi tó ẹyin, kó bu ife tíì kan èyí, ṣíbí kan tìyẹn, tó kún tàbí tí kò kún. Nínú ìwé tó ṣe jáde lọ́dún 1896, ó ní rárá: ife ìwọ̀n ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí ife àti orí ṣíbí kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Iṣẹ́ tó ṣe ló jẹ́ kí àìmọye obìnrin tí kò rí olùkọ́ lè dá kéèkì ṣe. Síbẹ̀, fúláwà kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ nínú ife. Ilé iṣẹ́ fúláwà King Arthur ní Amẹ́ríkà ka ife kan sí gíráàmù 120, ìyẹn bí wọ́n bá rọra fi ṣíbí bù ú sínú ife. Ẹni tó bá ti ife bọ inú àpò, tó fi tẹ ẹ̀gbẹ́ àpò kó lè kún, lè rí 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ife náà á sì tẹ́jú bó ṣe yẹ. Nínú kéèkì oní-ife mẹ́ta, gíráàmù 90 ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Fúláwà tí wọ́n sẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, ìwé ìdáná púpọ̀ kì í sì í sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ṣíbí ni ohun tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí kéèkì korò. Ṣíbí tíì ti ìwé ìdáná jẹ́ mìlílítà 5, ṣíbí ńlá jẹ́ 15, àyàfi ní Ọsirélíà tí ṣíbí ńlá tiwọn ti jẹ́ 20. Nínú ìwé òyìnbó, “tsp” ni wọ́n ń kọ fún kékeré, “tbsp” fún ńlá, àwọn kan tiẹ̀ ń kọ t kékeré àti T ńlá lásán. Ẹni tó bá ń ka ìyẹn lójú fóònù tó ti fọ́, tí fúláwà wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè ṣì í kà kíá. Bó bá jẹ́ fàníílà, kò burú. Bó bá jẹ́ béékìn sódà, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ti wọnú kéèkì, kéèkì á pọ́n rúsúrúsú, á sì máa ta ẹnu bí ọṣẹ. Ti iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìdáná Amẹ́ríkà ń lo iyọ̀ oníhóró ńlá tó fúyẹ́. Ti Diamond Crystal, ṣíbí tíì kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Iyọ̀ tiwa tó kúnná, ṣíbí kan náà tó gíráàmù 6. Ẹni tó bá fi ṣíbí rọ́pò ṣíbí, iyọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, yíìsì pàápàá kì í sì í ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú iyọ̀ tó pọ̀ jù.

Ní ti ọjà, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì, àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí agolo wọnú kí wọ́n tó gbé e wá síbi ìtajà. Ọlọ́jà á kó o lé e lórí títí á fi ga, oníbàárà á rí òkìtì tó wà lókè, kò ní rí ihò tó wà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjà le, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń fi agolo tó gún ń tà wà nínú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwà yẹn kò dáa, a kò sì gbọ́dọ̀ máa pè é ní ọgbọ́n ọjà. Fún ìrẹsì, owó nìkan ló ń jẹ. Fún kéèkì, ó ń jẹ owó, ó sì tún ń ba ohun tí owó rà jẹ́, nítorí ẹni tó ra “dérícà méjì” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe júwe fún un á da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ láìtún un wọ̀n. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì, tí wọ́n ń fi síkéèlì wọn fúláwà ní kílò kan, kílò méjì sínú ọ̀rá, ni mo máa ń rán àwọn ọmọ lọ.

Ẹyin náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí a tilẹ̀ ń kà á ní ẹyọ. Ẹyin tí wọ́n pè ní ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín gíráàmù 63 sí 73 pẹ̀lú èèpo. Èyí tí wọ́n pè ní ńlá ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 57. Nínú kíréètì tiwa, kékeré àti ńlá ń jókòó pọ̀. Bí ẹyin mẹ́rin inú ìwé bá jẹ́ ti London, tí tèmi sì jẹ́ ẹyin wẹ́wẹ́, mo máa ń fọ́ ìkarùn-ún sí i.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ààrò, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń dẹ́rù bani jù. Celsius 180 àti Fahrenheit 350 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iná kan náà. Ààrò onígáàsì àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iná yẹn ní nọ́ńbà 4. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé kí àwọn má lọ gbé e sí Celsius 350, ṣùgbọ́n ààrò ilé kì í sábà débẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣọṣẹ́ láìpariwo: ẹni tó ra ààrò tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ka 180 nínú ìwé, tó yí bọ́tìnì sí 180. Celsius 82 péré nìyẹn. Bọ́tà á yọ́, béékìn páúdà á tú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó lè tú dànù, kò sì ní sí iná tó tó láti jẹ́ kí ẹyin àti fúláwà dì kíákíá. Ẹni náà á dúró títí, kéèkì á wà níbẹ̀ láìpọ́n, láìwú. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, nínú ìwé kéèkì, nọ́ńbà tó bá ti lé ní 300, Fahrenheit ni. Èyí tó bá wà láàárín 150 sí 230, Celsius ni. Bí ààrò bá ní fáànù nínú, à ń dín nǹkan bíi Celsius 20 kù. Ààrò tó sì pọ̀ jù lọ nínú ilé wa, onígáàsì tí kò ní nọ́ńbà kankan àfi àmì iná kékeré àti iná ńlá, kò lè bá ìwé kankan sọ̀rọ̀. Tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ inú ààrò ló ń túmọ̀ fún wọn.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìdáná nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí áúǹsì ṣì ń jọba, tí wọ́n sì ti ṣe kéèkì ìgbéyàwó fún ìyá àti fún ọmọ nínú ìdílé kan náà. Wọn kì í ka nọ́ńbà. Síkéèlì alápá méjì ni wọ́n ní, èyí tí ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí ń tẹ̀ sósì. Wọ́n á kó ẹyin tútù pẹ̀lú èèpo rẹ̀ sí apá kan, wọ́n á máa gé bọ́tà sí apá kejì títí méjèèjì á fi dọ́gba. Wọ́n á kó bọ́tà kúrò, wọ́n á da ṣúgà síbẹ̀. Wọ́n á kó ṣúgà kúrò, ó kan fúláwà. Bí ẹyin bá tóbi, ohun gbogbo á tóbi tẹ̀ lé e. Bó bá wẹ́, ohun gbogbo á bá a wẹ́. “Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́,” ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Kéèkì oní-pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún kò yàtọ̀ sí i: pọ́n-ùn kan bọ́tà, pọ́n-ùn kan ṣúgà, pọ́n-ùn kan ẹyin, pọ́n-ùn kan fúláwà. Èèyàn lè pa pọ́n-ùn rẹ́ níbẹ̀ kó fi kílò sí i, kéèkì ò ní mọ̀.

Àwọn oníbúrẹ́dì náà mọ àṣírí yìí. Àpò fúláwà ni olórí, iye tí àpò gbà ni wọ́n fi ń pe omi, ṣúgà, iyọ̀ àti yíìsì. Ká ní àpò kílò 50 gba omi lítà 30, gíráàmù 500 á gba 300 nínú abọ́ ìyàwó ilé. Nígbà tí mo bá rí ìwé ìdáná tuntun, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyí, kí n tó wo àwòrán: fúláwà mélòó sí bọ́tà mélòó, sí omi mélòó? Bó bá jẹ́ kéèkì tí fúláwà rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ju bọ́tà àti ẹyin lọ, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣi òṣùwọ̀n kan mú ṣáájú kí ìwé náà tó dọ́dọ̀ mi.

Síkéèlì kékeré oníbátìrì ti wọ ọjà wa dáadáa báyìí, ohun tí mo sì máa ń gba tọkọtaya tuntun níyànjú láti rà nìyẹn ṣáájú ẹ̀rọ ìpo-kéèkì. Èèyàn á gbé abọ́ lé e, á tẹ bọ́tìnì kó padà sí òdo, á da fúláwà sí i. Á tún tẹ̀ ẹ́ sí òdo, á da ṣúgà sí i. Kò sí ife láti fọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ bọ́tìnì kejì rẹ̀ o. Òun ló ń yí i láti gíráàmù sí áúǹsì, sí mìlílítà, ọmọdé tó bá fi ọwọ́ kàn án ti yí i padà, nọ́ńbà á sì máa yọ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Bí ìfura bá wà, da omi ìgò 75cl sínú abọ́ lórí rẹ̀. Kó kà nǹkan bíi gíráàmù 750. Fún yíìsì, iyọ̀ àti béékìn páúdà tí kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ, ṣíbí ìwọ̀n tó tẹ́jú ṣì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju irú síkéèlì bẹ́ẹ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ gíráàmù kan sí méjì.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ àwọn tó ń kọ́ni ní kéèkì lórí fídíò lédè wa. Iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá gbé ife sókè pé “ife méjì rèé”, ẹ sọ iye mìlílítà tó gbà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ da fúláwà inú rẹ̀ sórí síkéèlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú wa. Ẹni tó ń wò yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ń wò yín ní Toronto, ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fọkàn tán yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní Houston ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣe míìtì páì ránṣẹ́ sí àwọn. Mo kọ ọ́ báyìí: fúláwà lásán tí kò ní béékìn páúdà nínú, gíráàmù 500, bọ́tà tútù, gíráàmù 250, tó jẹ́ ọ̀pá bọ́tà méjì tiwọn àti ṣíbí ńlá kan àbọ̀ oní-mìlílítà 15 lé díẹ̀, béékìn páúdà, ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, mìlílítà 5, iyọ̀ tó kúnná, ìlàjì rẹ̀, ẹyin kan, omi tútù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mìlílítà 80, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì mọ́ra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo kọ Fahrenheit 350, torí ohun tó wà lára ààrò wọn nìyẹn. Mo wá kọ Celsius 180 tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àlàyé pé bí fáànù bá wà nínú ààrò, 160 ni, nítorí ọmọ wọn obìnrin wà ní Manchester, mo sì mọ̀ pé òun ló kàn tó máa béèrè.